Orin Tó Kù Lẹ́nu Ìyá Mi

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu ìyá mi nígbà tí ẹ̀gbà mú apá ọ̀tún rẹ̀. "Epo" ni ọ̀rọ̀ náà. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, epo ni. Bí ó bá fẹ́ tọ̀, epo náà ni. Ojú rẹ̀ là ń wò kí a tó mọ ohun tó ń wí. Bó bá fi ọwọ́ òsì lu itan, omi ló fẹ́. Bó bá na àgbọ̀n sí ẹnu ọ̀nà, ẹ gbé e síta. Ìlútítun la wà nígbà náà, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni.

Ohun kan wà tí ojú àti ọwọ́ kò lè sọ fún mi: ṣé ìyá mi ṣì mọ̀ mí? Èmi nìkan ló bí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá láti Igbódìgò, ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú.

"Ọmọ mi, ilé ló kù níbẹ̀ yẹn. Onílé ti kó lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn obìnrin àdúgbò ń fi ẹsẹ̀ tẹ èyìn nínú ẹkù, kòtò epo ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n ń kọrin. Mo gbé ìyá mi síta kó lè máa wò wọ́n. Ẹ gbọ́ ná: ìyá mi lanu, ó gbe orin náà! Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé, kò já ọ̀kan.

Àbúrò rẹ̀ mi orí. "Ayékòótọ́ náà ń kọrin. Ṣé ó mọ ohun tó ń wí ni?"

Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n orin ẹkù ní ibì kan tí ayékòótọ́ kò lè dé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wọ kòtò, wọ́n á fi orin béèrè pé ta ló ń bọ̀, ẹni tó ń gbè é á sì dárúkọ ẹni tó rí. Ìyẹn kì í ṣe àkọ́sórí. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo dá orin náà.

"Ta ló ń bọ̀ nínú ẹkù o, ta ló ń bọ̀?"

Ó wò mí títí. Ó wá fi orin dáhùn, ó pe orúkọ tí òun nìkan fi ń pè mí láti kékeré.

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní bayọ́lọ́jì l'Ókìtìpupa sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ọpọlọ ló bàjẹ́, pé iyàrá orin lọ́tọ̀. Mo gbà. Síbẹ̀, ẹnu ń yà mí dòní: ta ló pín iyàrá sínú agbárí ènìyàn báyẹn?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, àfi bí àbúrò ìyá mi ṣe fà mí sẹ́yìn. "Dìde níbẹ̀ jàre, kí èmi náà bi ẹ̀gbọ́n mi." Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ó dá orin náà.

Ìyá mi fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. "Orí-ìkòkò ló ń bọ̀ o!"

Orúkọ tí wọ́n fi ń bú àbúrò rẹ̀ yìí léwe nìyẹn. N kò gbọ́ ọ rí. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín nínú ẹkù. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sunkún.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni."