Ojú Ambrose Kostka

Ìtàn tí àwa ará ìlú Tarrow kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Ambrose Kostka ni ti ọjọ́ tó kẹ̀yìn sí pápá. Ẹgbẹ́ béísíbọ́ọ̀lù wa, àwọn Lékèélékèé, ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá léraléra. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ambrose gbé àga ilé ìdáná rẹ̀ wọ pápá bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé e kalẹ̀ lórí koríko ẹ̀yìn wáyà, ó yí i padà, ó sì jókòó, ó kọjú sí ògiri ilé ìtọ̀.

"Ambrose, kí lò ń wò níbẹ̀?" Delbert aṣebàtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló bi í.

"Ògiri. Òun ò lè pàdánù."

Kùrukùru ti gòkè láti odò, ó bo ìdajì pápá, débi pé àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá dà bí aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí okùn, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn Lékèélékèé ń borí. Wọ́n ń borí títí wọ abala kẹsàn-án, tó jẹ́ ìkẹyìn. Nígbà tó ku bọ́ọ̀lù kan péré kí eré parí, ará ìlú kejì fi igi gbá a lọ sókè réré. Rudy Pelc, ọ̀kan nínú àwọn Lékèélékèé, ti dúró sábẹ́ rẹ̀, ó la ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Bó bá ti hán an, ó parí. Gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Ambrose ò lè fara dà. Ó yíjú.

Bọ́ọ̀lù wọ inú ìbọ̀wọ́, ó tún jáde, ó bọ́ sórí koríko. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ ìlú kejì tó ti wà lójú ọ̀nà sáré wọlé, a sì pàdánù. Kò sí ẹnì kan tó wo Pelc. Ambrose ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura sí ojú ara rẹ̀. Ó ti gbìyànjú gbogbo ohun tí olólùfẹ́ béísíbọ́ọ̀lù máa ń ṣe. Kò fọ fìlà rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti borí kẹ́yìn, títí Verna ìyàwó rẹ̀ fi ń fi ẹ̀mú gbé e. Ó dé e ní òdì. Ó ń jẹ ọbẹ̀ kábéèjì tó kórìíra lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ àdánù kẹwàá, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Delbert, máa wò ó. Mo fẹ́ ṣí ojú báyìí."

Ó ṣí i. Bọ́ọ̀lù tí ọ̀kan nínú tiwa gbá, tó ń lọ tààrà, yà bàrá bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, ó sì kó sínú odò.

"O rí i?"

"Atẹ́gùn ni."

"Ṣé kí n tún un ṣe?"

"Má dán an wò!" Delbert, tí kò gba ohunkóhun gbọ́ yàtọ̀ sí awọ àti ìṣó, dìde, ó lọ jókòó sí ìlà kẹta lẹ́yìn.

Verna nìkan ni kò gbà. "Ogójì ọdún lo ti ń fi ojú yẹn wò mí," ó ní. "Kí ló dé tí èmi ò tíì jábọ́?"

Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Pelc àti bọ́ọ̀lù yẹn, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un. Bí Ambrose bá ń bọ̀, àwọn obìnrin á fi aṣọ bo páì tí wọ́n gbé sójú fèrèsé kó tutù. Onígbàjámọ̀ yí i kúrò níwájú dígí kó tó gẹ irun rẹ̀. Ó ní dígí wọ́n lóde òní.

Nígbà tí àdánù pé mọ́kàndínlógún, Pelc wá sílé rẹ̀ tòun ti páì ṣẹ́rì tí ìyá rẹ̀ yan. Kò fẹ́ jókòó.

"Bàbá Kostka, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ló rán mi. Wọ́n ní kí ẹ má wá lọ́la."

Ambrose gba páì náà, ó gbé e sórí tábìlì. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tí bàbá mi gbé mi lé èjìká lọ síbẹ̀. Mi ò tíì pa ọjọ́ kan jẹ."

"A mọ̀, sà."

"Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ láyé, Rudy. Kí n tún fi ojú mi rí i kí wọ́n borí."

Pelc wo bàtà ara rẹ̀. "Ohun tí a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gan-an nìyẹn, Bàbá."

Ó gbà fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, Verna fa kọ́tìnnì, ó sì gbé rédíò pamọ́ sínú ààrò. Nígbà tó di aago mẹ́rin, Delbert wọlé, ó di fìlà mú láyà bí ẹni tó wá báni kẹ́dùn.

"Mẹ́sàn-án sí òdo."

"Àwa la ní mẹ́sàn-án?"

"Àwa la ní òdo."

Ambrose fò dìde. Ó dì mọ́ Delbert, ó fa Verna lọ́wọ́, ó bá a jó yí tábìlì po. "Kì í ṣe èmi! Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe èmi! Wọn ò mọ̀ ọ́n gbá ni!"

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbé àga rẹ̀ padà sí pápá, ó kọjú síwájú. Wọ́n nà wá, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí eré tó parí, ó fa Delbert mọ́ra.

"Lánàá, mo yẹ kọ́tìnnì wò. Orí àsíá pápá ni mo rí. Kò tó ìṣẹ́jú kan."

"Aago mélòó ni?"

"Aago méjì kọjá díẹ̀."

Delbert yíjú sí pápá. Aago méjì kọjá díẹ̀ ni mẹ́sàn-án yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ìbéèrè yẹn, bóyá ojú òun ni àbí kì í ṣe òun, ni Ambrose gbé kú. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, lórí àga yẹn kan náà, níwájú fèrèsé, nígbà tí àdánù ti di mẹ́tàlélógún. Verna pa ojú rẹ̀ dé. Ti ọ̀tún gbà, ti òsì tún là. Ó pa á dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì là lẹ́ẹ̀mẹ́ta, sí apá ibi tí pápá wà. "Ó dáa, máa wò ó," Verna wí, ó sì fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni a sin ín, láàárọ̀. Lọ́sàn-án, Verna gbé àga náà lé Delbert lọ́wọ́, ó ní kó gbé e lọ síbi tó máa ń wà. Pelc rí i láti inú pápá, ó sáré wá sídìí wáyà.

"Ẹ bá wa kọjú rẹ̀ sí ògiri, bàbá. Kò sí ìwọ̀sí ńbẹ̀ o. Kó kàn dá wa lójú ni."

Delbert wo Verna. Verna, nínú aṣọ dúdú rẹ̀, kọjú sí pápá. Delbert kọjú àga sí ògiri.

Kùrukùru tún gòkè. Abala kẹsàn-án tún dé, a fi ẹyọ kan ṣíwájú, ó ku bọ́ọ̀lù kan. Ará ìlú kejì gbá a sókè réré, sí ibi tí Pelc wà. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn tún dé, òun náà gan-an. Nínú rẹ̀ ni a ti gbọ́ ìró kan lẹ́yìn wa, bí ìgbà tí ènìyàn bá sún àga díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó láyà bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀lù já wọ inú ìbọ̀wọ́. Kò jáde mọ́. Pelc gbá a mọ́ àyà bí ẹyin.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Delbert yíjú. Àga náà ti kọjú sí pápá. Ìrì kùrukùru wà lórí koríko ibẹ̀, ojú ẹsẹ̀ Delbert nìkan ló sì wà nínú rẹ̀, ti àlọ àti ti àbọ̀.

"Ta ló yí i?" ó bi wá. Ó na ọwọ́ láti dá a padà sí ògiri. Verna gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ó wò ó, wọ́n sì borí. Mo ti sọ fún yín pé kì í ṣe ojú rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n nà wá ní méje sí ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó dá àga lẹ́bi. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Delbert bọ́ ẹ̀wù òjò ara rẹ̀, ó fi bo àga náà látòkè délẹ̀. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó padà wá, ó sì ká iwájú ẹ̀wù náà sókè díẹ̀, kó lè máa rí pápá.