Aṣọ Tí A Dá fún Ọmọ Bísí

Òwúrọ̀ tí ogun wọ Monróvíà ní Làìbéríà, Àdùkẹ́ ìyàwó mi ń rán fìlà ọmọ tuntun lọ́wọ́ fún Bísí, aládùúgbò wa, tí oyún rẹ̀ ti tó bí. Kì í ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fi í tọrẹ ni. Ìbọn dún ní ìsàlẹ̀ òpópónà. A ò jẹun nínú ilé yẹn mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ni a sá wọ̀, àwa àti àwọn Yorùbá mìíràn tó ń ṣòwò níbẹ̀. Nígbà tí ìrẹsì tán, a ń se ewé ọ̀dùnkún láìsí iyọ̀. Bí ìbọn bá ti ń ró, a ó dojú bolẹ̀ títí etí wa yóò fi di. Wọ́n pa ọkọ Bísí níbi tó ti lọ pọn omi. Lẹ́yìn náà ni Bísí bí obìnrin. Ó kọjú sí ògiri, kò gbé e. Ìyálọ́mọ mìíràn ló ń fún un lọ́mú, ebi sì ti ń gbẹ ọmú tirẹ̀ náà.

Bísí ní, "Ẹ má sọ ọ́ lórúkọ. Kò ní í pẹ́ láyé."

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Nílé wa, ẹni tó bá fún ọmọ lórúkọ á fi owó sínú àwo. Kò sẹ́ni tó lówó. Àdùkẹ́ fa etí ìró rẹ̀ ya, ó fi í sínú àwo, ó ní, "Dúróoríìkẹ́ ni mo pè é." Àwa yòókù ń sọ ọ́ lórúkọ tiwa lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń ya aṣọ tẹ̀ lé e.

Bàbá Súlè, tó ń ta bàtà, ní, "Ìyàwó, ṣòkòtò kan ló kù mí kù. Bí mo bá ya á, ẹ ó rí ohun tí ẹ ò bèèrè."

Àdùkẹ́ ní, "Bàbá, ẹ fún wa ní àpò rẹ̀. Kí lẹ tún ń kó sí i?"

A rẹ́rìn-ín. Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ náà pọ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé òun la fún lẹ́bùn. Bísí yíjú padà. Ó fa ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ yọ lábẹ́ orí, ó ya ọrùn ẹ̀wù náà.

"Ẹ rán ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn."

Ó sì na ọwọ́ gba ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, ìbọn dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ogun kò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń bani lẹ́rù. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa wá sí Accra. Bísí kú síbí. Ní ọdún tó kọjá, mo sin Àdùkẹ́.

Dúróoríìkẹ́ ń wá kí mi ní Dansoman, àdúgbò tí mo ń gbé ní Accra níbí, lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Twi, èdè àwọn ará ibí, ló fi ń dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n ka gbogbo orúkọ òun àti ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo kà wọ́n.

"Paapa, ta ló kù nínú àwọn tó wà níbẹ̀?"

"Èmi," ni mo wí. "Àti ìwọ."