Màmá Délé Kì í Dáhùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Festac, mo gbà pé nítorí tèmi ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Bí òjò bá rọ̀, torí pé mo sá aṣọ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fajú ro, èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ni Màmá Délé ń gbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n, bíi ti bàbá mi. Láràárọ̀, bí mo bá ń gbá àtẹ̀gùn, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, tàwọn ti òórùn páúdà. Màá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tútù, màá ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Wọ́n á rékọjá lára mi bí ẹni rékọjá lára òpó iná. Wọn kì í bú èèyàn o. Wọn kàn kì í dáhùn ni.

Èmi ọlọ́gbọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ṣé torí kóró àgbálùmọ̀ tí mo tu sẹ́nu ọ̀nà wọn ni? Àbí torí bọ́ọ̀lù tó fọ́ ìkòkò òdòdó wọn? Kíá, mo ń gbá àtẹ̀gùn tiwọn mọ́ tiwa. Bí omi ẹ̀rọ bá lọ, èmi ni mo ń pọnmi gòkè fún wọn, tí ọrùn mi ń fẹ́ wọnú àyà. Wọ́n á gba omi, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́ mi ní ìrẹ̀lẹ̀.

Ó dùn mí gan-an. Kí wọ́n ṣáà sọ "káàárọ̀" lẹ́ẹ̀kan péré ni mo ń wá. Mo sunkún lọ bá màmá mi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, mo ní kí ni mo fi ṣẹ Màmá Délé. Màmá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Tìẹ ni kí o kí wọn. Kí wọ́n dáhùn, tiwọn nìyẹn. Jókòó, bá mi ṣa ẹ̀wà."

Ìtùnú ńlá. Mo ṣa ẹ̀wà tán, mo sì pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tí Màmá Délé ń kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọjú sógiri, mo dákẹ́. Orin ni mo kọ délé ìwé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa. Màmá Délé ni. Ẹnu tí kò ṣí fún mi látọjọ́ tí mo ti ń kúnlẹ̀ ló wá ṣí.

"Màmá Ṣèyí, ọmọ yín ò kí mi láàárọ̀ yìí. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Ẹnu yà mí. Wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo ìkíni mi! Kì í sì ṣe pé wọ́n ń bínú. Ojú wọn rẹ̀ wálẹ̀, bí tèmi ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà. Màmá mi bẹ̀ wọ́n títí. Bí wọ́n ṣe gòkè tán ni mo wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì lókè, ojú mi ní pípadé. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé obìnrin yìí kò kórìíra mi rí. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọn ò dáhùn, ara sì tù mí pẹ̀sẹ̀.

Lóde òní, èmi ni mo ń gbé ilé àwọn òbí mi. Ọmọbìnrin kan wà lókè, níbi tí Màmá Délé ń gbé tẹ́lẹ̀. Láràárọ̀, á fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin dí etí méjèèjì, á sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kúnlẹ̀ kẹ̀? Kì í tiẹ̀ tẹrí ba. Lọ́jọ́ kan, inú bí mi, mo gun àtẹ̀gùn lọ bá ìyá rẹ̀. Mo ti gbọ́wọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn kí n tó rántí ẹni tó kan tiwa lọ́jọ́sí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ ṣa ẹ̀wà mi.

Ní báyìí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí i. Kì í dáhùn. Láyé ìgbà yẹn, àgbà ni kì í dáhùn. Láyé ìsinsìnyí, ọmọdé ni. Lórí àtẹ̀gùn kan náà, láyé méjèèjì, èmi náà ni mo ṣì ń kí èèyàn.