Bí Ẹ Bá Ń Mú Aláìsàn Yín Lọ sí Chennai

Láti ìgbà tí mo ti ti Íńdíà dé, àwọn èèyàn kì í jẹ́ kí n tètè kúrò ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. "Ìyá, ẹ dákun, wọ́n ní kí bàbá wa lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Chennai. Kí la máa mú dání? Báwo nìlú ọ̀hún ṣe rí?" Bí mo bá dá ẹnì kan lóhùn tán, ẹlòmíì á tún fà mí láṣọ. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ní, "Grandma, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ká máa fi ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù." Mo ní ó dáa. Èmi kò mọ̀wé. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Bí ẹ bá rí àmì tó ṣìnà lórí ọ̀rọ̀, òun ni kí ẹ bá wí o. Ìlú òyìnbó níbí, ní Peckham, ni wọ́n bí i sí.

Ẹni tó kọ́ mi ní Chennai kò sí ní Chennai. Ilé tó kángun sí tèmi ló ń gbé, nínú fúláàtì kánsù, ìyẹn ilé ìjọba, níbí. Arúgbó obìnrin bíi tèmi ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà la jọ ń lò. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tó kọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́kọ́ bá a jà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n pè mí láti Ìbàdàn pé ọkàn àbúrò mi kò ṣe dáadáa. Àbúrò mi yìí, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Nígbà tí ìyá wa kú, kò tíì hu eyín tán. Dókítà ní ọkàn ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí tó ń tì, pé ọ̀kan nínú tirẹ̀ kì í tì mọ́, ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn. Bí wọn ò bá tún un ṣe, kò ní pẹ́. Wọ́n ní Chennai ni kó lọ. Àbúrò mi ní òun ò lọ síbì kankan àfi bí èmi bá tẹ̀lé òun. Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá ń lọ kí ọmọ mi ní Kennington, ṣọ́ọ̀bù tí mo bá rí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni mo fi ń mọ ibi tí mo máa sọ̀! Mo kàn jókòó sínú ilé, mò ń sunkún ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣílẹ̀kùn, mo rí ìyẹ̀fun funfun nílẹ̀. Wọ́n fi ya ìlà tó lọ́ mọ́ra, wọ́n fi àmì tó-tó-tó sáàárín rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ìyá aládùúgbò mi yìí, ó sì dé ẹnu ọ̀nà tèmi. Háà! Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, kí lẹ máa rò? Mo ní wọ́n ti gbé e wá fún mi, pé òun náà ló ń da ọkàn àbúrò mi láàmú. Mo gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ, mo fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́ dànù, mò ń ka Ayatul Kursiyyu. Nígbà tó di ọ̀la, ó tún wà níbẹ̀. Mo tún fọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Lọ́jọ́ karùn-ún mo dúró dè é lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ká a mọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, abọ́ ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ? Kí ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ?"

Òun náà ń sọ tirẹ̀ ní èdè wọn, ó ń nawọ́ sí ìgbálẹ̀ mi. Ariwo wa ló mú ọmọ rẹ̀ jáde, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Aunty, ṣé ẹ̀yin lẹ ń fọ̀ ọ́?" ó ní. "Mummy mi rò pé kánsù ni. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà lọ fẹjọ́ wọn sùn."

Ó wá ṣàlàyé pé ìyẹ̀fun ìrẹsì lásán ni. Nílùú wọn, obìnrin ilé ló máa ń fi ya iwájú ilé láràárọ̀ kí ire lè mọ ọ̀nà wọlé, kí èèrà àti ẹyẹ sì rí nǹkan jẹ. Mo ní ó dáa, ta ló wá ní kó yà á dé ọ̀dọ̀ tèmi?

Ọmọ náà bi ìyá rẹ̀. Ìyá kò wò mí lójú tó fi dáhùn. Ọmọ ní, "Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ẹkún yín láti ara ògiri. Wọn ò gbọ́ èdè yín, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa bẹ̀ yín, ni wọ́n ṣe ya tiyín mọ́ tiwọn."

Ìtìjú bò mí. Mo kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ tí mo fọwọ́ ara mi dà sílẹ̀. Ó fà mí dìde, ó ní kí ọmọ bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Mo sọ ọ́: àbúrò mi, ọkàn, Chennai. Ìyá gbọ́ Chennai láàárín ọ̀rọ̀ mi. "Chennai?" Ó lu àyà. "Chennai!" Ọmọ ní ìlú tí wọ́n bí ìyá òun sí nìyẹn. Ìyá fà mí lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀; ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, bí ọmọ bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bá wa túmọ̀ èyí tó kù.

Ohun tó sọ nìyí. Ẹ má wọ bàtà olókùn lọ. Sílípáàsì ni, nítorí ẹ ó máa bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé, lẹ́nu ọ̀nà ibi ìsìn, kódà lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn dókítà kan. Ẹ fi àárọ̀ rin gbogbo ìrìn yín kí oòrùn tó ga. Bí wọ́n bá fún yín láyè láti mú oṣù, ẹ sá fún oṣù karùn-ún. Mo ní mo mọ oòrùn, Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ó rọra gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń gbá ọmọdé: o ò mọ oòrùn kankan.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá wà níbẹ̀, aláwọ̀ yẹ́lò bíi ti ilé. Ẹ dá owó kí ẹ tó jókòó. Ẹ má pe ẹni tó ń wà á ní dírẹ́bà. "Anna" ni kí ẹ pè é, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ni "akka", ìyá ni "amma". Èyí ò lè ṣòro fún wa. Ta ni Yorùbá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi "ẹ̀gbọ́n mi" gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn?

Omi inú ìgò tí wọ́n dì lẹ́nu nìkan ni kí aláìsàn mu. Bí wọ́n bá sì gbé ife omi fún yín, ẹ má fẹnu kàn án. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ dà á sọ́nà ọ̀fun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, imú mi ló mu ún. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ní ti oúnjẹ, idli wà, funfun, tí wọ́n fi ooru omi sè. Ẹni tó bá mọ èkuru ti mọ̀ ọ́n tán. Rasam ni kí ẹ béèrè fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ korò: omi ọbẹ̀ ata ni, ó ń ta lọ́fun, ó ń la imú.

Èyí tó kàn, ojú ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé, ẹ máa mú àmì sílẹ̀. Nígbà tí èmi àti àbúrò mi dé Chennai, lọ́jọ́ kìíní tí mo jáde, mo fi ọmọlanke alágbọn ṣàmì, mo ní ibẹ̀ ni mo ti máa yà sí ilé tí a gbà sí. Nígbà tí mo fi máa padà, alágbọn ti ta ọjà rẹ̀ tán, ó ti lọ. Mo fi wákàtí kan rìn yíká. Igi ni kí ẹ mú, tàbí ògiri. Ohun tó bá ti ní táyà, kì í ṣe àmì. Ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé yìí ń rẹ́rìn-ín, ó ní mi ò bá wo fóònù. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, jàre.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kan ń ti bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi lọ, èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohun ìní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àpótí aṣọ mi, àkọ́bí mi ló ni ín. Ẹ bá mi bẹ ìyàwó ọmọ mi, mo ti ń fẹnu gún un jù. Mò ń lọ o. Mò ń lọ."

Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Nọ́ọ̀sì dúró, ó bi mí ohun tó ń sọ. Mo fi ìwọ̀nba òyìnbó ẹnu mi sọ fún un pé ó ní òun ń lọ.

"Rárá, Amma," nọ́ọ̀sì ní. "Níbí, a kì í ní à ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjà là ń lọ. À ń lọ, a sì ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ là ń sọ ọ́."

Mo tẹ̀ sí àbúrò mi létí. "Wọ́n ní wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. Sọ pé ò ń lọ, o sì ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló mọ̀?"

"Èmi ni mo pọ̀n ẹ́. Sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì ò ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò wá.

"Mò ń lọ," ó ní, omi ń jáde lójú rẹ̀. "Mo sì ń bọ̀."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì tì í wọlé.

Wákàtí méje. Yàrá tí wọ́n ní ká dúró sí tutù nini. Ẹ mú súwẹ́tà dání fún ọjọ́ náà. Obìnrin kan tí ọkọ tirẹ̀ náà wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ pín ìrẹsì rẹ̀ fún mi, mo gbé e dání títí ó fi gbẹ. Tẹ̀sùbáà ni mò ń fà. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní ilẹ̀kùn ọkàn ti ń tì, ó ku kó jí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Okùn rọ́bà ni wọ́n so mọ́ gbogbo ara rẹ̀. Mo pe orúkọ tí mo ń pè é nígbà tó wà lẹ́yìn mi. Ó lajú díẹ̀díẹ̀, ó wò mí títí. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo dé."

"Káàbọ̀, ọmọ ìyá mi. Káàbọ̀."

Ó tún wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ rù báyìí? Ẹ ò jẹun ni?"

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá ń mú aláìsàn lọ, ẹ rí i pé ẹ ń jẹun. Àwọn náà ń wò yín.