Ọjọ́ Tí A Fọ Kọ̀ǹpútà Bí Ẹní Fọ Wàláà

Òórùn tàdáwà kò jọ ti yíǹkì mìíràn. Èéfín igi wà nínú rẹ̀, oje igi wà nínú rẹ̀, ó sì ní ìkorò kan tó máa ń gba imú ènìyàn lọ dé ọ̀fun. Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí ní Ìwó, ní ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ tí ògiri ilé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ti èkejì, ilé kéwú ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, bàbá mi sì ni áfáà ibẹ̀. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, àwọn ọmọ á ti jókòó sórí ẹní, wàláà, pátákó ìkọ̀wé wọn, lórí itan, oníkálukú á máa pariwo ẹsẹ tirẹ̀ bí ẹni pé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ga jù ni Ọlọ́run máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí òórùn tàdáwà bá kàn mí nímú títí dòní, ohun méjì ni mo máa ń rántí pọ̀: wàláà kan tí mo fọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, àti kọ̀ǹpútà kan tí a fọ̀ nígbà tí mo ti di àgbàlagbà. Ìwọ tí a jọ jókòó lórí ẹní kan náà lè ti gbàgbé èkíní. Èkejì, n ò rò pé mo ti sọ ọ́ fún ọ rí.

Òfin kan ló le jù nínú ilé kéwú bàbá mi. Bí wọ́n bá kọ ẹsẹ sára wàláà rẹ, o ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ títí o ó fi kẹ̀yìn sí i, tí o ó sì kà á fún wọn láti orí. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ebi ń pa mí, ìyá mi sì ń sun àgbàdo lẹ́yìnkùlé. Mo bu omi, mo fọ wàláà mi nù, mo ní mo ti há a. Bàbá mi ní kí n kà á. Ìlà méjì péré ni mo kà tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Wọn ò nà mí, wọn ò sì tún un kọ. Wọ́n kàn ní, "Lọ jókòó títí wàá fi rántí." Èmi náà jókòó, n ò rántí, ojú sì tì mí débi pé n kò padà sórí ẹní yẹn mọ́. Kò pẹ́ tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbà mí lọ́wọ́ wọn. Olóríkunkun ni bàbá, olóríkunkun ni ọmọ, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ wàláà náà mọ́ láàárín wa.

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin, tápíìsì ni mí ní ilé ìwé girama kan nílùú wa. Mo mọ iṣẹ́ mi, n ò ní parọ́ ìrẹ̀lẹ̀. Síténsù, bébà tí a fi ń tẹ ẹ̀dà púpọ̀ jáde, tí mo bá tẹ̀, kedere ni gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ máa ń jáde, nítorí pé ọwọ́ mi le. Àwọn olùkọ́ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, yóò dáhùn. Ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá dáwó jọ, wọ́n ra kọ̀ǹpútà kan fún ilé ìwé. Pirinsípà wa fún un ní yàrá tirẹ̀. Wọ́n fi aṣọ tí ìyàwó wọn kó òdòdó sí lára bò ó, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ wọlé níláti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Èmi ni wọ́n rán lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, èmi náà ni mo sì tẹ máàkì ọdún mẹ́ta gbáko àwọn ọmọ kíláàsì márùn-ún tó fẹ́ jáde sínú rẹ̀.

Àwọn máàkì yẹn ni wàhálà wà. Ara máàkì ìdánwò àṣejáde wọn ni, bí ilé ìwé kò bá sì fi í ránṣẹ́ lásìkò, wọn kò ní fún ọmọ kankan ní èsì. Ikán ti jẹ ìwé tí a kọ́kọ́ kọ wọ́n sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó jẹ ẹ́ débi pé eruku lásán ló wà láàárín èèpo ìwé méjèèjì. Inú kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n kù sí. Àwọn ọmọ Ìwó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Kuta, àwọn ọmọ Ilé-Ogbó, àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá kí wọ́n tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ìyá kan wá láti Olúpọ̀nnà pẹ̀lú erùpẹ̀ oko ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò fẹ́ wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ tèmi náà wà nínú ẹ̀rọ yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá."

"Ẹ má jẹ́ kó já bọ́ o."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Iṣẹ́ tuntun dé láti ọ̀dọ̀ àwọn onídàánwò pé inú dísìkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ni kí a to àwọn máàkì náà sí, ètò orí dísìkì náà kò sì bá kọ̀ǹpútà wa rẹ́. Ètò tó ń darí ẹ̀rọ wa ti pẹ́ jù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní dọ́ọ̀sì, wọ́n ní tuntun rẹ̀ ni kí a gbé sí i. Pirinsípà ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìbàdàn, oníkọ̀ǹpútà tó wọ ṣòkòtò tó ní ìlà ayọ́ọ̀nù gbọnrangandan. Ó jókòó, ó wo ẹ̀rọ náà wò, ó ní kò le rárá. "A ó fọ gbogbo inú rẹ̀ nù lọ́la, a ó wá gbé tuntun sí i." Bí ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ "fọ̀" yẹn, wàláà ọjọ́sí ni mo rántí.

Kí n má purọ́ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, kò gbàgbé pé ó yẹ kí a ṣe ẹ̀dà. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa da àwọn máàkì náà kọ sí dísìkì márùn-ún, àwọn pẹlẹbẹ tó rọ̀ bí ewé, kíláàsì kan sí dísìkì kan. Mo dà wọ́n kọ. Mo lẹ bébà pélébé mọ́ ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi bírò kọ orúkọ kíláàsì sí i lára, ó hàn ketekete. Mo kó wọn sínú àpótí, mo tì í, mo forí lé ilé bàbá mi láti kí wọn.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsárì tán ni, wọ́n ń fi kálámù kọ wàláà àwọn ọmọ tó máa dé lọ́la. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n wá bi mí nípa iṣẹ́. Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ tán, wọn ò gbé ojú kúrò lára wàláà.

"Ẹ̀rọ yín há máàkì àwọn ọmọ náà sórí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ sì fẹ́ fọ̀ ọ́ lọ́la."

"A ti dà á kọ sí ibòmíràn, Bàbá. Dísìkì márùn-ún."

Wọ́n gbé kálámù sílẹ̀. "Ẹ ti dà á kọ. Ta ló ti kà á?"

Mo kàn ń gbọ́ òórùn àgbàdo sísun láti ibi tí n kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni kò sun àgbàdo nílé wa lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ọ́fíìsì ṣáájú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí oníkọ̀ǹpútà dé, mo ní kò ní fọ ohunkóhun títí a ó fi ṣí dísìkì márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á rí àwọn máàkì náà lójú. Ó ní mo ń fi àkókò ṣòfò. Mo ní àkókò tèmi ni. Ó ti èkíní bọ̀ ọ́, ó ṣí. Èkejì ṣí, ẹ̀kẹta ṣí, ẹ̀kẹrin náà ṣí. Ẹ̀karùn-ún dún gìrì-gìrì nínú ẹ̀rọ bí ẹni tó ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò, kò sì ṣí. Kíláàsì ọmọ ìyá Olúpọ̀nnà yẹn ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ ọ́, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo ibi tí mo kọ̀wé sí. Gbogbo lẹ́tà mi ló ti tẹ ara dísìkì náà wọ inú.

"Aúntì, bírò lẹ fi kọ èyí? Lẹ́yìn tí ẹ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn? Ẹ ti gún un pa."

Ọwọ́ mi tó le, tí mo fi ń yangàn! Síténsù ni mo rò pé mo ń kọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko: mo ti gbọ́ òwe yẹn tó ẹgbẹ̀rún ìgbà, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún. Bí a bá ti fọ kọ̀ǹpútà náà ná ńkọ́? Ṣùgbọ́n a kò tíì fọ̀ ọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo ní kí a sún iṣẹ́ di ọ̀túnla. Mo tún da máàkì kíláàsì náà kọ sí dísìkì tuntun, mo sì tọrọ kálámù àti tàdáwà díẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi. Mo kọ orúkọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan sára bébà tuntun, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kí n tó lẹ̀ wọ́n mọ́ dísìkì márààrún. Yàrá kọ̀ǹpútà wá ń run bí ilé kéwú. A ṣí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Márààrún ló ṣeé kà.

N ò dúró síbẹ̀. Mo ní kí oníkọ̀ǹpútà da dọ́ọ̀sì àtijọ́ náà kọ sí dísìkì tirẹ̀, a sì fi í tan ẹ̀rọ wò, ó tàn. Mo wá tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo, mo pè é ní Ọ̀nà Àbọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí aago méjì bá lù tí tuntun kò bá tíì ṣiṣẹ́, a ó fi í sílẹ̀, a ó dá àtijọ́ padà. Pirinsípà kà á, wọ́n ní ṣé ogun la fẹ́ lọ jà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí." Wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ pé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fọ inú ẹ̀rọ nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tuntun sí i. Ó kù díẹ̀ kó parí ni iná lọ. Ojú ẹ̀rọ dúdú. A jókòó, a ń wo gílóòbù lókè bí ẹni ń wo oṣù ààwẹ̀. Nígbà tí iná padà dé, ọ̀sán ti pọ́n, kọ̀ǹpútà tàn, ṣùgbọ́n kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń kọ sójú, pé òun kò rí ètò tó máa darí òun. Oníkọ̀ǹpútà tún un ṣe, kò gbà. Dísìkì tuntun tó gbé wá láti Ìbàdàn náà ti bàjẹ́ nígbà tí iná lọ mọ́ ọn nínú ẹ̀rọ. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ìlà ayọ́ọ̀nù ṣòkòtò rẹ̀ ti ká. Pirinsípà dúró sẹ́yìn wa láìbọ́ bàtà, ẹnikẹ́ni kò sì rántí.

Aago méjì lù.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Aúntì."

Ojú rẹ̀ ṣe mí láàánú, ó sì kù díẹ̀ kí n gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, òun ni ọmọ ọdún mẹ́jọ fi ń sọ pé òun ti há a. Mo na ìwé náà sí i. "Aago méjì la kọ, àbúrò. Ẹ jẹ́ ká padà." Ó wo pirinsípà, pirinsípà sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

A fi dísìkì àtijọ́ sí i, ó tàn. A dá ètò àtijọ́ padà, a wá ń ti àwọn dísìkì márùn-ún náà bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tàdáwà dúdú lára wọn. Nígbà tí a dé orí ẹ̀karùn-ún, mo di ojú mi. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn pirinsípà, tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn ọmọ náà sókè bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì, títí wọ́n fi kan ọmọ Olúpọ̀nnà. Máàkì rẹ̀ pé. Ni wọ́n bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú wọn. Èmi sunkún ní tèmi láìfi bò. Oníkọ̀ǹpútà lọ sí Ìbàdàn, ó gbé dísìkì tuntun mìíràn wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ náà sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi bí ẹni pé kò le rí. Máàkì dé ibi tó yẹ kó dé lásìkò.

Mo dá kálámù padà fún bàbá mi lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń dá ọpẹ́. Wọ́n wá dìde, wọ́n mú wàláà kan wá láti inú yàrá, wọ́n jókòó, wọ́n sì kọ̀wé sí i. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo wò ó, ìlà méjì àkọ́kọ́ ni mo dá mọ̀. Ẹsẹ tí mo fọ̀ nítorí àgbàdo ni. Láti ọjọ́ yẹn wá, wọn kò gbàgbé ibi tí mo dúró.

Ó gbà mí tó oṣù kan. Èmi ìyá ọlọ́mọ, mo ń há ẹsẹ kéwú nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nínú ọkọ̀, nídìí ààrò. Òye tí mo rí nínú rẹ̀ nìyí: ohun tó ń já bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn kì í ṣe ohun tó fọ̀, bí kò ṣe ohun tó fọ̀ láìkà. Títí dòní, kí n tó pààrọ̀ ohunkóhun, ìbáà jẹ́ iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ilé, mo máa ń kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí i kí n wò ó bóyá mo mọ̀ ọ́n láti orí. Lọ́jọ́ tí mo lọ kà á, mo jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ kéékèèké tó ń wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo kẹ̀yìn sí wàláà, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá mi wá na ọwọ́ sí ibi tí agbada omi wà.

"Ó yá, ọmọ mi," wọ́n ní. "Lọ fọ̀ ọ́."