Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ìyá Mi

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ku ọjọ́ méjì péré kí n ṣe ìdánwò, ẹ̀rọ tí mo fi oṣù mẹ́ta kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ pe ìyá mi ní àjèjì.

Wọ́n ń ti Ọjà'ba bọ̀, wọ́n gbé báàgì dání, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Pópó Yemọja kọjá bí wọ́n ṣe ń gbà á láti ìgbà tí bàbá mi ti gbé wọn níyàwó. Iná pupa tàn lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ padà, kí wọ́n tún rìn. Pupa. Àbúrò bàbá mi rìn, pupa. Èmi tí mo ṣe ẹ̀rọ rìn, ó pe èmi náà ní àjèjì. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n la kọ̀ǹpútà yẹn mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀kọ́ eré. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń ka ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá gbọ́ nínú ilẹ̀: bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe ń mi ilẹ̀, bí ti màálù ṣe yàtọ̀. Àwọn tó bá yege ni wọn yóò mú lọ ri sẹ́ńsọ̀ yí àwọn abúlé tí ajínigbé ń yọ lẹ́nu ká. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn bí ẹni máa kú. Olùkọ́ wa jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti sọ fún wa pé: "Bí ẹ̀rọ yín bá ti pe ẹnì kan ní àjèjì, ẹni tó gbé ìbọn dání ti kọjú sí i nìyẹn."

Fún ìdánwò, kí oníkálukú gbé sẹ́ńsọ̀ sí ilé rẹ̀, kí ẹ̀rọ rẹ̀ mọ ará ilé yàtọ̀ sí àjèjì. Ó dùn mọ́ mi, nítorí mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́ kó fìwà jọ. Bàbá tó bí bàbá mi kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ̀ tí wọn kò dá mọ̀ láti inú yàrá wọn. Bí ìyá mi bá ń ti ọjà bọ̀, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, o ti dé?" Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í gba ẹnu ọ̀nà Bàbá kọjá láìkí wọn. Obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Bí èmi aláìgbọràn bá bọ́ bàtà láti yọ́ kọjá, wọ́n á ní, "Ìwọ tó ń yọ́ lọ yẹn, o ò ní kí mi ni?"

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo gbé sẹ́ńsọ̀ sí, mo sì gba ìrìn gbogbo ilé sílẹ̀ fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ni Bàbá kú. Èrò ìsìnkú kún ilé, n kò sì rí àyè dán ẹ̀rọ náà wò títí di Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Mo to ìlà ìrìn àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun, mo ń wò wọ́n títí ojú fi ń ta mí. Nínú ti àtijọ́, ẹsẹ̀ á máa bọ̀, á dúró, nǹkan á kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ á tún máa lọ. Nínú ti tuntun, ẹsẹ̀ kàn ń kọjá lọ ni, gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn ọlọ́kadà àti oníṣòwò tí mo gba ìrìn wọn sílẹ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ àjèjì. Eékún àti ọwọ́ tí a fi ń kí Bàbá ni ohun tó ń kan ilẹ̀. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ tàbí tó ń dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ mi kò mọ ẹnì kankan nínú wa, ìkíni nìkan ló mọ̀.

Ìyá mi ní kí n fọkàn balẹ̀. "Gbogbo wa á kúnlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, wàá sì yege." Kí n má purọ́, ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo rántí ìbọn. Mo rò ó pé ará abúlé kan ń ti oko bọ̀, kò sì mọ ibi tí ẹ̀rọ mi ti ní kó kúnlẹ̀.

Ní Sátidé, olùkọ́ ń wò wá láti orí kọ̀ǹpútà. Mo ní kí ará ilé rìn bí wọ́n ṣe ń rìn báyìí. Pupa. Pupa. Pupa. Olùkọ́ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan bò. Wọ́n ní ó dáa tí mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò yege, kí n dúró de ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. Wọ́n sì lọ. Ó dùn mí dé egungun.

Mo ṣì jókòó níbẹ̀ nígbà tí ìyá mi ti òde wọlé. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Bàbá, wọ́n dúró, wọ́n sì kúnlẹ̀ sí yàrá tó ṣófo. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Mo sọ fún wọn pé ìdánwò ti parí, kí wọ́n dìde.

Wọn kò dìde. "Mo mọ̀ pé ó ti parí," ni wọ́n wí. "Láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, kò sẹ́ni tó ń bi mí mọ́ pé ṣé mo ti dé."