Wákàtí Kan Láàárín Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó jẹ́ aránṣọ, kò gbà pé orílẹ̀-èdè méjì ló wà ládùúgbò wa. Lójú tirẹ̀, ilé kan náà ni, ìjọba ló kàn fi ìlẹ̀kùn sí àárín rẹ̀. Tó bá dé ibodè, á kí sójà tó wà níbẹ̀ tọmọtọmọ títí onítọ̀hún á fi gbàgbé ìwé tó fẹ́ béèrè.

Aago nìkan ló ń dà á láàmú. Bí tiwa bá lu mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ni ti òdìkejì ń lu. Nítorí èyí, aago méjì ló gbé kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní òun ń bọ̀ wá gba aṣọ ní aago mẹ́rin, á yọ pínnì lẹ́nu, á ní, "Mẹ́rin ti ta ni?" A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ẹ má retí kí n sọ àléébù rẹ̀ fún yín.

Òdìkejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gbé. Bàbá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ sì ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ìrìn ọjọ́ méjì nínú bọ́ọ̀sì. Ta ló mọ̀ bóyá wọ́n á tún fojú kanra? Bàbá náà pè wá lórí fóònù pé bọ́ọ̀sì òun á gbéra láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní kí Àǹtí kí i pó dàbọ̀ lórí fóònù náà. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹkún ló ń sun, kò rántí béèrè mẹ́sàn-án ti ta ni. Ó ṣáà gbà pé aago ọ̀hún ni ará ọ̀hún ń pè.

Nígbà tá a dé gáréèjì lọ́hùn-ún, mẹ́jọ ààbọ̀ ni tiwọn. Agbèrò ní bọ́ọ̀sì ti lọ láti aago mẹ́jọ. Mẹ́jọ tiwọn, mẹ́sàn-án tiwa.

Àfi bá a ṣe rí bàbá náà lábẹ́ ibòòji, tó jókòó lórí àpótí ẹrù rẹ̀.

"Bùọ̀dá mi, ẹ ò bá wọn lọ?"

"Aago tìẹ ni mo pè fún ẹ, kó má baà dojú rú. Nígbà tí mi ò rí ẹ, mo mọ̀ pé tèmi lo kà."

"Bọ́ọ̀sì yín wá ńkọ́?"

"Òmíràn ń lọ lọ́la. Mi ò ní àbúrò míì mọ́."

Ó sún fún un lórí àpótí. Àǹtí jókòó tì í, ó bú sẹ́kún, mi ò sì lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, torí èmi náà ń sunkún.